Kí Orúkọ Òwò Yín Tó Hàn Lára Pátákó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ kú ìdúró. Lóṣù tó kọjá, mo kàn mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ fíforúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe àkọsílẹ̀ òwò àti kọ́ńpìnnì ní Nàìjíríà. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo sọ, lẹ́tà tó sì tẹ̀ lé e kò ṣeé kà tán nírọ̀lẹ́ kan. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó nídìí kọ̀ǹpútà nínú ìsọ̀ kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, tí mò ń bá àwọn oníṣòwò tẹ fọ́ọ̀mù CAC, kí n tó dẹni tó ń kọ̀wé síbí. Mo ti rí ẹni tó jó nínú ìsọ̀ náà nítorí ìwé ẹ̀rí, mo sì ti rí ẹni tó sunkún. Nítorí náà, mo ti fi àwọn ìbéèrè yòókù sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ orúkọ la ó sọ lóṣù yìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Gàrí àti láfún ni mò ń ṣe, ọdún kẹrìndínlógún rèé. Ọmọ mi ní kí a forúkọ sílẹ̀ kí àwọn ilé ìtajà ńlá l'Ékòó lè máa gba ọjà lọ́wọ́ wa. Ó fi "Olúwaṣeun Foods" ránṣẹ́, wọ́n dá a padà. Ó fi "National Garri House" ránṣẹ́, wọ́n tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mejì la sì sanwó. Ṣé rìbá ni wọ́n ń retí ni?
Ìyá Oní-gàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú làálàá o. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń retí rìbá lọ́wọ́ yín. Orúkọ méjèèjì ló ní ohun tó ń ṣe é, ohun tó ń ṣe ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Olúwaṣeun. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni CAC ń lò fún gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ti Ògùn lọ́tọ̀, kò sí ti Kánò lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ gba orúkọ kan, ì báà jẹ́ Yola ló ń gbé, ó ti gbà á nìyẹn. Ẹ wá ro iye ìyá tó bí Olúwaṣeun nílẹ̀ yìí, tó sì fi orúkọ ọmọ náà pe ìsọ̀ rẹ̀. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ìyẹn CAMA ọdún 2020, kò tiẹ̀ ní kí orúkọ méjì bára mu délẹ̀délẹ̀ kí wọ́n tó kọ èyí tó kẹ́yìn. Bí tiyín bá ti jọ ti ẹlòmíràn débi tí oníbàárà fi lè ṣì wọ́n mú, wọ́n á dá a padà. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣàǹfààní kí èèyàn kàn so "Ventures" tàbí "Enterprises" mọ́ ìdí orúkọ tó ti lólówó. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a sọ "Seun" di "Sheun". Àwọn ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa máa ń gbìyànjú rẹ̀, owó àwọn òbí wọn ló sì ń bá a lọ.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Orúkọ tó ń jáde nínú ìwé ẹ̀rí CAC, lẹ́tà ńláńlá ni, kò ní àmì lórí, kò ní àmì nísàlẹ̀. Bàbá kan wá bá mi ní Dùgbẹ̀ nígbà kan, láti Mọ́níyà. Alágbẹ̀dẹ ni, ọkọ́, àdá àti àáké ló ń rọ. Ó ní "Ọkọ́ Àgbẹ̀" ni òun fẹ́ kí òwò òun máa jẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, a rí OKO AGBE nílẹ̀, ẹnì kan tó ń dáko ló ti gbà á. Bàbá ní, "Ìyẹn oko ni, tèmi ọkọ́ ni." Òótọ́ ló sọ. Ní etí Yorùbá, oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò bára tan rárá. Lójú ẹ̀rọ, O-K-O ni gbogbo wọn. Mo tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ara wọn fún un pẹ̀lú àmì, mo wá ń yọ àmì náà níkọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀, títí gbogbo wọn fi di ọ̀kan. Bàbá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Wọ́n kó gbogbo wa sínú àpò kan ṣoṣo." Ó dùn mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Mo gbà pé ó yẹ kí àjọ tó ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ lè kọ ọ́ bí a ṣe ń pè é lẹ́nu. Kó tó di pé ìyẹn ṣẹ, ẹ kọ orúkọ tí ẹ fẹ́ sórí bébà láìfi àmì kankan sí i, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì dá yàtọ̀. Bàbá náà padà fi oríkì ìyá tó bí i síwájú iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ náà sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ti "National" rọrùn láti ṣàlàyé. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni má fi sí orúkọ òwò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ CAC, nítorí pé ẹni tó bá rí wọn á rò pé ìjọba ló ni ilé-iṣẹ́ náà, tàbí pé ó tóbi ju bó ṣe rí lọ. "National" wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni "Federal", "State", "Government", "Municipal", "Chartered", "Cooperative", "Group" àti "Holding". Gàrí yín kì í ṣe ti ìjọba, Màmá. Tiyín ni. Kí ni ẹ fẹ́ fi iyì rẹ̀ ta ìjọba lọ́rẹ fún?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ wo inú ilé yín. Kí ni oríkì yín? Kí ni wọ́n ń pe ìyá tó kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń yan gàrí? Kí ni orúkọ àdúgbò tí ibùdó yín wà? Olúwaṣeun pọ̀ bí erùpẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń jẹ́ oríkì yín, tó wà ní àdúgbò yín, tó sì ń ta gàrí, ẹ̀yin nìkan ni. Bí ẹ bá so méjì nínú nǹkan mẹ́ta yẹn pọ̀, agbára káká ni ẹ fi máa bá ẹlòmíràn nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "Ìjẹ̀bú" sì tọ́ sí yín láti lò, torí Ìjẹ̀bú ni gàrí yín ti wá lóòótọ́. Ẹni tó ń yan gàrí níbòmíràn tó wá ń fi "Ìjẹ̀bú" sọ ọ́, ó ń ṣi oníbàárà lọ́nà, orúkọ tó bá sì ń ṣini lọ́nà nípa irú ọjà tí èèyàn ń tà, òfin kò gbà á.

Kí ẹ tó tún san kọ́bọ̀ kan, ẹ sọ fún ọmọ yín kó wọ ibi ìwádìí tó wà lójú òpó CAC. Ọ̀fẹ́ ni. Kó tẹ orúkọ náà síbẹ̀, kó tún tẹ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú rẹ̀ nìkan, kó wo àwọn tó máa yọjú. Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń di orúkọ mú kí ẹlòmíràn má baà gbà á fàyè gba orúkọ méjì, èyí tí ẹ fẹ́ jù àti èyí tí ẹ lè gbà bí àkọ́kọ́ bá kọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ohunkóhun sí àyè kejì, wọ́n á ní kì í ṣe dandan. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ kejì yẹn, ẹ rò ó bí ẹ ṣe ro ti àkọ́kọ́.

Ìdánwò kan tún kù tí mo máa ń fún àwọn oníbàárà mi. Ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa òwò yín lórí fóònù, ẹ dá orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, orúkọ yẹn dára. Bó bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, báyìí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ báńkì á máa béèrè, tí wọ́n á sì máa kọ ọ́ ní àṣìkọ.

Ẹ dákun, ẹ má tíì tẹ orúkọ náà sára náílọ́ọ̀nù. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, POS ni mò ń ṣe. Nígbà tí CAC ní kí gbogbo àwa oní-POS lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 2024, mo kó ₦25,000 fún ẹnì kan tó ní òun máa ń ṣe é. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó fún mi ní ìwé kan tí wọ́n kọ "Approved" sí, orúkọ òwò mi sì wà níbẹ̀. Mo mú un lọ sí báńkì láìpẹ́ yìí láti ṣí àkáǹtì, wọ́n ní kì í ṣe òun. Ẹni náà kò gbé ìpè mi mọ́. Ṣé ayédèrú ni ìwé náà?
Oní-POS, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ayédèrú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbésẹ̀ méjì ni ìforúkọsílẹ̀. Ìkínní, wọn á bá ọ di orúkọ náà mú kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Ìkejì, wàá kọ orúkọ ara rẹ, àdírẹ́sì ibi òwò, irú òwò tí ò ń ṣe, NIN rẹ, wàá fi fọ́tò àti ìbuwọ́lù rẹ sí i, wàá sanwó, wọn á wá fún ọ ní ìwé ẹ̀rí tó ní nọ́ńbà tí BN ṣáájú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n kó fún ọ, ìwé ìgbésẹ̀ kìíní ni. Ó dà bí ẹni tó sanwó àsansílẹ̀ fún ilẹ̀, tó wá ń kó bíríkì lọ síbẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n dì mú kì í sì í dúró títí ayé. Ọjọ́ 60 ni òfin fún un. Bí ọjọ́ 60 bá pé tí ẹni tó dì í mú kò tíì parí ìforúkọsílẹ̀, orúkọ náà ti bọ́ sọ́jà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín.

Mo mọ ìrora rẹ, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́dún 2011, kí n tó mọ ohunkóhun nípa CAC, aṣọ òkè ni mò ń tà ní Gbági. Mo sọ òwò náà ní "Àyọ̀ká", oríkì ìyá ìyá mi. Mo kó owó fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ̀nà, ó sì mú ìwé kan wá tó sọ pé orúkọ náà ti di tèmi. Inú mi dùn débi pé mo lọ gbé iṣẹ́ fún atẹ̀wé lọ́jọ́ kejì: náílọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún kan, aláwọ̀ aró, orúkọ ìyá àgbà mi lára gbogbo wọn. Mo ní kí wọ́n kun pátákó. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, ó ní CAC ló ń fà á sẹ́yìn. Lóṣù kẹrin, èmi fúnra mi lọ sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ tẹ orúkọ náà, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Ẹlòmíràn ti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò tíì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin yẹn kò jí nǹkan mi. Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, ó sì wọlé.

Èmi ni mo fi ọbẹ ha ọ̀dà kúrò lára pátákó náà, nítorí n kò fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rí mi. Náílọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún kan yẹn, ìyá mi ló kó wọn sílé, ó ń fi wọ́n di èlùbọ́ fún àwọn ẹbí fún bí ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí wọn, màá rí orúkọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà ní Dùgbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin náà mọ̀ tí èmi kò mọ̀, ohun tí mo sì rí ni pé ìwé tí kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ ni mo fi ń tẹríba fún un.

Nítorí náà, ohun tí wàá ṣe nìyí. Wọ ibi ìwádìí CAC lónìí, kí o tẹ orúkọ òwò rẹ. Bí kò bá sí nílẹ̀, tún un dì mú fúnra rẹ. Bó bá wà nílẹ̀ lórúkọ ẹlòmíràn, má ṣe bá a jà, orúkọ kejì ni kí o lọ rò. Bó bá wá jẹ́ pé òwò rẹ ni, tó sì ní nọ́ńbà BN, a jẹ́ pé ẹni náà parí iṣẹ́, kò kàn fún ọ ní ìwé ni. Lọ sí ọ́fíìsì CAC tó wà n'Ìbàdàn pẹ̀lú NIN rẹ, kí o ṣàlàyé.

Nígbà tí o bá ń tún un ṣe, ímeèlì tìrẹ àti nọ́ńbà fóònù tìrẹ ni kí o fi ṣí àkáǹtì lójú òpó CAC. Mo fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ejẹ́ǹtì kan máa ń fi ímeèlì tiwọn ṣe é fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, gbogbo ìwé ẹ̀rí àti ìkìlọ̀ CAC á wá máa lọ sọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ yí àdírẹ́sì padà, wàá tún lọ bẹ̀ wọ́n, wàá sì tún sanwó. Mo ti rí ìyá kan tó ní ìsọ̀ mẹ́ta, tí kò lè fọwọ́ kan ìwé òwò ara rẹ̀ nítorí pé ejẹ́ǹtì ti kú, kò sì sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ímeèlì rẹ̀.

Wo NIN rẹ dáadáa pẹ̀lú. Bí o bá ń jẹ́ orúkọ kan lẹ́nu, tí NIN sì ń jẹ́ òmíràn, ti NIN ni kí o kọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Àwọn obìnrin tó ti lọ́kọ, tí orúkọ bàbá wọn ṣì wà lára NIN, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù.

Ní ti owó, lọ́dún 2021 tí mò ń ṣe é fún àwọn èèyàn, ₦500 la fi ń di orúkọ mú, ₦10,000 sì ni ti ìforúkọsílẹ̀ orúkọ òwò. Owó ìjọba máa ń yí, ojú òpó CAC ni kí o ti wo èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ san án, má gba ti ẹnu ẹnikẹ́ni. Bó bá sì jẹ́ pé o kò lè ṣe é fúnra rẹ, àwọn lọ́yà, àwọn aṣírò-owó àti àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tó gbàwé-àṣẹ wà tí CAC ti fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa ṣe é. Béèrè ìwé àṣẹ wọn kí o tó fún wọn lówó. Ẹni tó bá bínú nítorí pé o béèrè, fi í sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Aránṣọ ni mí. Orúkọ àbísọ mi àti orúkọ bàbá mi nìkan ni mo kọ sára ìsọ̀ mi, mi ò fi nǹkan kan kún un. Ṣé dandan ni kí n forúkọ sílẹ̀?
Aránṣọ, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá, kì í ṣe dandan. Bí orúkọ òwò yín kò bá ju orúkọ ìdílé yín àti orúkọ tí wọ́n sọ yín gan-an lọ, tàbí orúkọ ìdílé yín pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àbísọ yín, òfin kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ "Fashion" tẹ̀ lé e, tàbí "àti Àwọn Ọmọ", ó ti di orúkọ òwò nìyẹn. Ọjọ́ 28 ni òfin fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣòwò, kó fi lọ forúkọ sílẹ̀.

Síbẹ̀, màá gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe é náà. Báńkì kò ní ṣí àkáǹtì òwò fún yín láìsí ìwé ẹ̀rí. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ gbé aṣọ igba ọmọ fún yín láti rán, ìwé ẹ̀rí yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ, Ìtòkú la sì ti ń tà á. Àwọn kan ní ká gba orúkọ òwò lásán, àwọn kan ní ká ṣe "Limited". Èwo ló dáa? Ohun tó sì ń bí wa nínú ni pé ẹnì kan ní ìlà kejì ti ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì wa mọ́ aṣọ tí kì í ṣe tiwa. Bí a bá forúkọ sílẹ̀, ṣé ó máa jáwọ́?
Àwọn Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín pé ẹlẹ́kọ lẹ ṣì ń ṣe. Ẹni tó bá ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ rí, ó mọ ohun tí ẹni ìlà kejì yẹn ń jí.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò le. Orúkọ òwò, ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ ẹ. Bí òwò bá jẹ gbèsè, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́, wọ́n sì lè tọpa rẹ̀ dé orí ilé àti ilẹ̀ yín. Kọ́ńpìnnì dá dúró lọ́tọ̀ lójú òfin, bí ọmọ tó ti tójú bọ́. Ó ń jẹ gbèsè ara rẹ̀, ó ń ní dúkìá ara rẹ̀, bí ọ̀kan nínú yín bá sì kú (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́), kọ́ńpìnnì kò bá a kú. Tẹ́lẹ̀, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin 2020 ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀. Àpapọ̀ ìpín ìdókòwò tí irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦100,000. Ẹrù ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún pọ̀ ju ti orúkọ òwò lọ, torí náà, bí ẹ kò bá tíì máa gba ọjà àwìn ńláńlá, tí ẹ kò sì ní yá owó báńkì láìpẹ́, orúkọ òwò á tó yín fún ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù o. Ẹ má ní "kí ẹ̀gbọ́n kọ tiwọn nìkan ná". Mo ti rí ọmọ ìyá méjì tí ọ̀rọ̀ "ná" yẹn sọ di ọ̀tá. Ẹ má sì kọ "Limited" sára pátákó nígbà tó jẹ́ orúkọ òwò lẹ gbà. Kọ́ńpìnnì nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ti lébẹ́ẹ̀lì, kò ní jáwọ́ nítorí CAC. Ohun tí orúkọ òwò ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fi orúkọ yẹn tàbí èyí tó jọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Àmì tó wà lára ọjà, bí ẹ ṣe kọ orúkọ náà, àwòrán ẹyẹ tàbí ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ́fíìsì mìíràn ló ń dáàbò bo ìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ ní Abùjá ni, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó òwò. Wọ́n pín ọjà sí ìsọ̀rí: aṣọ tí a kò tíì rán wà ní ìsọ̀rí 24, aṣọ rírán wà ní 25. Bí ẹ bá ń ta ọ̀pá aṣọ, tí ẹ tún ń ta bùbá, ẹ nílò méjèèjì. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ọdún 7 ló máa kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn ìyẹn, ọdún 14 ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ ọ́ dọ̀tun. Ìwé yẹn ni lọ́yà yín á fi kọ̀wé sí ẹni ìlà kejì. Nígbà tí ẹ bá ń múra ìyẹn sílẹ̀, ẹ kó lébẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ aṣọ tirẹ̀ pamọ́, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rà á àti iye tí ẹ rà á.

Ẹ ṣe ti CAC ṣáájú, nítorí òfin náà tún ní pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àmì ọjà tí ẹlòmíràn ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣe orúkọ òwò láìgbàṣẹ. Bí ẹni ìlà kejì bá kọ́kọ́ dé Abùjá, ẹ̀yin lẹ máa wá di ẹni tó ń tọrọ àṣẹ lórí orúkọ ara yín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Káfíńtà ni mí. Mo forúkọ òwò mi sílẹ̀ lọ́dún 2020, ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri ìsọ̀ mi. Oníbàárà kan wá ní òun yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní wọ́n kọ "INACTIVE" sí i. Ṣé wọ́n ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ mi ni?
Káfíńtà, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Wọn kò tíì gbà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kò fún wọn ní ìròyìn ọdọọdún ni. Gbogbo ẹni tó ní orúkọ òwò gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún, kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, àfi ọdún tó forúkọ sílẹ̀ nìkan. Tiyín ìbá ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2021. Fọ́ọ̀mù náà kò gùn, àmọ́ owó ìtanràn ń gun orí ara wọn fún ọdún tí ẹ bá fò.

Bí ejẹ́ǹtì bá bá yín ṣe é nígbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìkìlọ̀ á ti máa lọ, kí ẹ sì gba ìwọlé àkáǹtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ yí ímeèlì àti fóònù tó wà níbẹ̀ sí tiyín. Kí ẹ wá ṣe ìròyìn àwọn ọdún tó ti kọjá, láti 2021 bọ̀. Bí ẹ bá parí, ẹ tẹ orúkọ òwò yín sí ibi ìwádìí lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì pe oníbàárà yẹn padà kó tún un wò.